Ìwé ìbéèrè nípa àyíká àti ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ní ilé ìtura: níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́?

Onílé_Àlejò_Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé àlejò oníyàrá 14 ni, Àkúrẹ́ ló wà, òṣìṣẹ́ 11 ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó arìnrìn-àjò wá láti òkè òkun fẹ́ máa gba yàrá fún àwọn tó ń lọ wo Òkè Ìdànrè, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́. Omi, iná, pàǹtírí, owó oṣù, ààbò ọmọdé, àṣà ìbílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fún wa, wọ́n sì ní ká fi ẹ̀rí ti ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Bọ́họ̀ọ̀lù kan ló wà, jẹnẹrétọ̀ dísẹ̀lì 30 kVA kan, àti iná BEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa. Owó tó wà nílẹ̀ kò lè ra sólà fún gbogbo ilé. Kí ni ká kọ́kọ́ mú ṣe? Èwo ni wọ́n máa ń wò jù?

Máníjà_Ẹkìmọ̀gún

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohun tó máa ń já ilé ìtura kulẹ̀ nínú irú àyẹ̀wò yìí kì í ṣe àìní sólà. Àìní àkọsílẹ̀ ni. Olùyẹ̀wò á béèrè pé lítà omi mélòó ni àlejò kan ń lò lóru kan, ilé tó sì lẹ "Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fi omi ṣòfò" mọ́ ara ògiri ní gbogbo yàrá kò ní rí èsì kankan fọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Àjọ Global Sustainable Tourism Council, GSTC, ló kọ ìlànà tí ọ̀pọ̀ irú ìwé yìí dúró lé lórí. Ó pín in sí mẹ́rin: bí wọ́n ṣe ń darí ilé náà, àǹfààní tó ń ṣe fún òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò, àṣà àti ohun àjogúnbá, àti àyíká. GSTC fúnra rẹ̀ kì í fún òtẹ́ẹ̀lì kankan ní ìwé ẹ̀rí. Ó ń fọwọ́ sí àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ni, àwọn wọ̀nyẹn ló wá ń fúnni. Green Key, tó bẹ̀rẹ̀ ní Denmark lọ́dún 1994, ní ìlànà tirẹ̀, Travelife náà ní tirẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí Alágbàká ní Àkúrẹ́ pé òun ń ta "sàtífíkéètì GSTC" lówó pọ́ọ́kú, tí kò wo kìtíìnì yín, tí kò bá òṣìṣẹ́ kankan sọ̀rọ̀, ẹ sá fún un.

Ìdí mìíràn wà tí àwọn ará Yúróòpù fi ń fúnpọ̀ mọ́ ẹ̀rí báyìí. Òfin wọn kan, 2024/825, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026. Òfin náà kò gbà kí oníṣòwò máa pe nǹkan ní "ọ̀rẹ́ àyíká" fún oníbàárà ibẹ̀ láìní ẹ̀rí tó dúró. Ohun tí ẹ bá kọ fún wọn làwọn náà máa kọ fún oníbàárà tiwọn, wọn ò sì fẹ́ kí ẹ kó wọn sí wàhálà.

Ẹ ra ìwé rẹ́jísítà ńlá kan lónìí. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ máa kọ sínú rẹ̀: òru-àlejò, omi, iná, pàǹtírí. Òru-àlejò ni iye èèyàn tó sùn, ẹ fi iye òru tí wọ́n sùn sọ ọ́ di púpọ̀. Èèyàn 10 fún òru 3 jẹ́ 30. Ẹ má ka yàrá, torí yàrá kan lè gba èèyàn méjì. Bí mítà omi bá sọ pé lítà 126,000 lọ lóṣù, tí òru-àlejò sì jẹ́ 420, lítà 300 ni ẹnì kan ń lò lóru. Iye yẹn ni ẹ ó máa fà wálẹ̀. Oṣù mẹ́ta tí ẹ bá kọ déédéé ti tó láti fi hàn pé ẹ mọ ilé yín, ẹ ó sì ṣẹ́ oṣù kan kù láti fi dáhùn ìwé náà. Ẹ má fi iye tí ẹ fojú dá kún un o. Olùyẹ̀wò á ní kí ẹ gbé rìsíìtì dísẹ̀lì wá, yóò sì fi wé ohun tó wà nínú ìwé.

Púlọ́ńbà_Ọba_Ilé

Mo ti máníjà lẹ́yìn. Ẹ̀yin onílé, mítà omi kékeré kan kì í ṣe nǹkan ńlá. Lẹ́yìn pọ́ǹpù bọ́họ̀ọ̀lù, kí omi tó gòkè sínú táǹkì, ni kí ẹ fi sí. Bí ẹ bá fi sí ìsàlẹ̀ táǹkì, táǹkì tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ kò ní hàn nínú ìṣirò, ibẹ̀ sì ni omi tó pọ̀ jù ń gbà lọ nígbà tí fúlótì bá ti bàjẹ́.

Ṣáwà: ẹ gbé báàkẹ́tì tí ẹ ti fi ìgò wọn lítà 10 sínú rẹ̀ sábẹ́ ṣáwà, ẹ ṣí i pátápátá, ẹ tẹ aago fóònù. Bí ó bá kún kí ìṣẹ́jú-àáyá 66 tó pé, omi yẹn ti kọjá lítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí Green Key fi ṣe òdiwọ̀n fún ṣáwà. Orí ṣáwà tó ń dín omi kù lẹ máa fi pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kò ní fọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí táǹkì wà. Bí ìdúró táǹkì kò bá ga, omi ò ní ní agbára, orí ṣáwà tó ń dín omi kù á sọ ọ́ di omi tó ń kán tótó, àlejò á sì bínú. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, báàkẹ́tì lítà 15 àti kóńkó kan nínú balùwẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ẹ da àwọ̀ oúnjẹ díẹ̀ sínú àpótí omi rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fa omi fún ìṣẹ́jú 20. Bí àwọ̀ bá yọ sínú ìjókòó, rọ́bà ìsàlẹ̀ ń jò. Rọ́bà yẹn ni kí ẹ pààrọ̀, kò dé orí pé kí ẹ ra odindi àpótí. Èyí tó ń jò láìdákẹ́ kì í pariwo, ìdí nìyẹn tí ó fi ń jẹ omi tọ̀sán-tòru kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ wá èyí tí kò ju lítà 6 lọ ní fífà kan. Oníbọ́tìnnì méjì ló dára jù.

Táàpù tó ń kán: ẹ gbé ife sábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ wọn omi inú rẹ̀, ẹ fi 144 sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tó ń ṣòfò lọ́jọ́ kan nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù rèé. Bọ́họ̀ọ̀lù àti kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà síra, ó kéré tán mítà 30, kí kòtò sì wà ní apá ìsàlẹ̀ bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àkúrẹ́ dúró lórí àpáta ni. Inú pàlàpálá àpáta ni omi bọ́họ̀ọ̀lù ti ń wá, pàlàpálá náà lè gbé ẹ̀gbin sókàwéè lọ jìnnà láìsí yanrìn tí yóò sẹ́ ẹ. Nítorí náà mítà 30 kò tó láti fọkàn balẹ̀. Ẹ gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́ẹ̀kan ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an. Òdiwọ̀n ni pé kí E. coli, kòkòrò tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọ omi, má sí rárá nínú mílílítà 100. Ìwé àyẹ̀wò yẹn ni ẹ̀rí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn ò ní jiyàn lé lórí.

Ìyá_Onídàáná

Ẹ kú làákàyè, Púlọ́ńbà. Ẹ jọ̀wọ́, èló ni ká da sínú táǹkì láti fi fọ̀ ọ́? Àwọn kan ń da odindi ìgò bílíìsì sínú ẹ̀, àlejò á sì máa gbóòórùn rẹ̀ nínú ẹ̀kọ òwúrọ̀.

Púlọ́ńbà_Ọba_Ilé

Màmá, mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí oníná sọ̀rọ̀ ná.

Oníná_Alágbàká

Iná: ẹ kó sólà ńlá tì ná. Gílóòbù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà. Bí gílóòbù 40 bá wà tó jẹ́ wáàtì 60, tí ẹ fi ti LED wáàtì 9 rọ́pò rẹ̀, wáàtì 51 lẹ jèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 6 lálẹ́ jẹ́ nǹkan bí yúnìtì 12. Lítà dísẹ̀lì kan ń mú nǹkan bí yúnìtì 3 wá bí ẹrù jẹnẹrétọ̀ bá tó o, nítorí náà lítà 4 lẹ fi pamọ́ ní gbogbo alẹ́ tí BEDC kò bá mú iná wá. Lítà dísẹ̀lì kan tó jóná ń tú nǹkan bíi kílò 2.7 gáàsì kábọ̀nù sáfẹ́fẹ́. Ẹ lè fi ìyẹn ṣe ìṣirò tí wọ́n ń béèrè.

Ẹ kíyè sí gbólóhùn yẹn, "bí ẹrù bá tó o." 30 kVA tó ń gbé fáànù mẹ́ta àti gílóòbù márùn-ún ní agogo méjì òru ń fi dísẹ̀lì ṣòfò ni, èéfín dúdú á sì máa di ẹnu sáléńsà rẹ̀. Ibí yìí ni sólà kékeré ti wúlò: kí ó gbé ẹrù òru nìkan. Fáànù 14 tó jẹ́ wáàtì 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 700. Wákàtí 8 jẹ́ yúnìtì 5.6. Ẹ fi iná ìta, fíríìjì kan àti Wi-Fi kún un, bátìrì lítíọ́ọ̀mù tó gba yúnìtì 10 máa gbé e dé àárọ̀. Páálì 8 tó jẹ́ wáàtì 550 lè kún un padà, kódà lásìkò òjò tí oòrùn kì í tó wákàtí 4. Ẹ má so éèsì àti ẹ̀rọ omi gbígbóná mọ́ ọn. Bí ẹ bá ra bátìrì olómi, ìdajì agbára rẹ̀ nìkan ni kí ẹ máa lò, bíbẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní pẹ́ kú.

Éèsì: 24 sí 26 ni kí rìmóòtì máa wà. Ẹ fọ fílítà rẹ̀ lóṣooṣù. Ní àsìkò ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, nítorí eruku. Éèsì tó ń béèrè gáàsì lọ́dọọdún ń jò ni. Kí oníṣẹ́ wá ibi tó ti ń jò kó tó fi òmíràn kún un, kó má sì tú èyí tó kù nínú rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Kílò kan gáàsì R22, ti àwọn éèsì àtijọ́, ń mú ayé gbóná tó nǹkan bíi kílò 1,810 gáàsì kábọ̀nù, ó sì tún ń ba ìbòrí òsóònù jẹ́. R410A ò sàn jù ú, nǹkan bí 2,088 ni tirẹ̀. R32 jẹ́ 675. Bí ẹ bá ń ra éèsì tuntun, R32 tó jẹ́ ínfátà ni kí ẹ bèèrè.

Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà 6 ó kéré tán jìnnà sí fèrèsé èyíkéyìí, kí ẹnu sáléńsà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí yàrá. Fèrèsé ará ilé kejì náà wà nínú ìṣirò yìí. Èéfín tí kò ní òórùn ni ó ń pani, ariwo ló sì ń bá àdúgbò jà.

Òfin_Òṣìṣẹ́

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí omi àti iná gba gbogbo àkókò yín. Apá òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń já, torí olùyẹ̀wò máa ń ní kí wọ́n fi òun àti àwọn tó ń tẹ́ ibùsùn sílẹ̀ láìsí máníjà níbẹ̀.

Ìwé àdéhùn: òfin iṣẹ́ wa ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: orúkọ, irú iṣẹ́, owó, ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́, ìsinmi, bí ẹnì kan ṣe lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ojú ìwé kan tó. Bí òṣìṣẹ́ kò bá mọ̀wé kà, ẹ kà á fún un ní Yorùbá lójú ẹlẹ́rìí, kó tó tẹ̀ka.

Ìsinmi: ní ọjọ́ méje-méje, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kan tó jẹ́ wákàtí 24 gbáko tí kò ní ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ ọjọ́ kan bá tó wákàtí 6, ìsinmi tó tó wákàtí kan gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 12, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6 fún ìsinmi ọdọọdún, owó oṣù ò sì gbọdọ̀ dín. Ẹni tó sábà máa ń jẹ̀yà ni ọlọ́dẹ. Wọ́n á ní ó kàn ń sùn ní géètì, kí ló nílò ìsinmi fún? Òṣìṣẹ́ ni. Ẹ gba ọlọ́dẹ kejì, kí wọ́n máa pín in ṣe.

Owó: láti ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù ti di ₦70,000. Òfin yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, nítorí náà òfin kò mú yín. Ṣùgbọ́n ìwé ìbéèrè kì í dúró síbi tí òfin dúró sí; wọ́n á béèrè bóyá owó náà lè gbọ́ bùkátà. Èrò tèmi ni pé ilé tí kò bá lè san ₦70,000 kò tíì ṣe tán láti pe ara rẹ̀ ní ilé ẹlẹ́tọ̀ọ́. Kí ẹ fi báńkì san án, kí àkọsílẹ̀ lè wà. Owó ìfẹ̀yìntì: ilé tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ni òfin ọdún 2014 mú ní dandan, ìdá 10 nínú 100 láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́, ìdá 8 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin tí òṣìṣẹ́ yín jẹ́ 11 náà lè wọ inú ẹ̀. Ti NSITF, fún ẹni tó bá ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù ni, agbanisíṣẹ́ ló ń san án, ẹ kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára òṣìṣẹ́.

Onílé_Àlejò_Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan: bí táwẹ́lì bá sọnù nínú yàrá tàbí ife bá fọ́, ṣé a lè yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù ẹni tó ń tọ́jú yàrá náà? Ohun tí gbogbo ilé ń ṣe nìyẹn.

Òfin_Òṣìṣẹ́

Rárá, ìbéèrè yẹn gan-an sì ni wọ́n máa ń bi òṣìṣẹ́. Òfin kò gbà kí ẹ kàn yọ owó. Àfi bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí kò kọbi ara sí i rárá, síbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aláṣẹ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Táwẹ́lì tí àlejò kó lọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó tẹ́ ibùsùn. Ẹ ka táwẹ́lì lójú àlejò nígbà tó ń wọlé, kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹ tún un kà nígbà tó bá ń jáde. Owó ìtanràn, owó "pẹ́lẹ́ẹ̀tì fọ́", ẹ fagi lé gbogbo rẹ̀, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè kankan.

Ẹ tún wo ibi tí àwọn tó ń gbé inú ọgbà ń sùn. Fèrèsé, ibùsùn, ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, omi. Abẹ́ àtẹ̀gùn kì í ṣe yàrá. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ òru.

Aláboyún ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, owó tí ẹ ó san fún un nígbà náà kò gbọdọ̀ kéré sí ìdajì owó oṣù rẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀

Ààbò ọmọdé ńkọ́? Ẹ má fò ó. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ láti ọdún 2007. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe kò le. Ẹni tó ń gba àlejò ní ìloro gbọ́dọ̀ máa gba káàdì ìdánimọ̀ àgbàlagbà, kó sì kọ orúkọ ọmọ tó bá tẹ̀lé e àti ohun tí ó jẹ́ sí i. Kó bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́ pé ta ni ẹ̀gbọ́n yìí, kí ló fẹ́ jẹ lálẹ́. Yàrá tí wọ́n gbà fún wákàtí díẹ̀, ọmọ tí kò ní ẹrù, tí kò mọ orúkọ ẹni tó mú un wá, àgbàlagbà tí kò jẹ́ kí ọmọ dáhùn fúnra rẹ̀: ẹ má bá a jà, ẹ má sì sọ ohun tí ẹ rí fún un. Ẹ kọ nọ́ńbà yàrá, àkókò àti nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ pe NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, lórí 627. Kí nọ́ńbà yẹn wà lára ògiri lẹ́yìn káńtà, níbi tí òṣìṣẹ́ òru ti lè rí i. Àwọn tó wà nínú The Code, ètò ààbò ọmọdé fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìrìn-àjò, ń béèrè pé kí ìlànà yìí wà nínú àdéhùn yín pẹ̀lú awakọ̀ àti afinimọ̀nà náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́ òṣìṣẹ́ àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹni tuntun gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́ yìí kí ó tó jókòó sí káńtà.

Ẹ tún kíyè sí ẹ̀dà káàdì àlejò. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 kò gbà kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ yẹ́úyẹ́ú lórí káńtà. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀, ẹ dá káàdì padà.

Ìyá_Onídàáná

Ó kàn mí báyìí. Ìdáná ni mo mọ̀, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí ti ń pọ̀ jù.

Eku ni kí ẹ kọ́kọ́ lé. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, pàápàá apá Ọ̀wọ̀, ibà Lásà kì í ṣe ìtàn àtijọ́, ọ̀gbẹlẹ̀ ló sì ń pọ̀ jù. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń kó o sínú oúnjẹ. Gàrí, ìrẹsì, èlùbọ́, gbogbo rẹ̀ nínú ike tó ní ìdérí líle. Àpò lásán kò dá eku dúró. Ẹ má ra gàrí tí wọ́n sá sẹ́bàá títì. Ihò tó bá gba pẹ́ńsù, ẹ dí i pẹ̀lú símẹ́ńtì àti wáyà. Kí àgbá pàǹtírí ní ìdérí, kí ó má sùn nínú kìtíìnì. Òṣìṣẹ́ tó bá ń ní ibà tí oògùn ibà kò gbọ́, ẹ má fi sẹ́nu iṣẹ́, ẹ pe 6232, ti NCDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àrùn.

Ẹ yọ ẹran ìgbẹ́ kúrò nínú oúnjẹ yín pátá. Akíka ni àwọn àlejò kan máa ń béèrè fún, ó sì wà lára ẹranko tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko ìgbẹ́, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ọ̀yà tí wọ́n ń sìn nínú ilé àti ẹja ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ríra lọ́wọ́ ará ilé: wọ́n á ní kí ẹ fi hàn pé ẹ ń ra nǹkan ládùúgbò. Àwọn ìyá wa ní Erékèsán kì í fúnni ní rìsíìtì, nítorí náà ẹ ní ìwé kékeré kan: ọjọ́, ohun tí ẹ rà, kílò, owó, ìlú tí iṣu tàbí ẹ̀fọ́ náà ti wá. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú ewé náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ san owó lójú ẹsẹ̀. Ilé tó ń jẹ alátà ní gbèsè oṣù méjì tó sì ń kọ sórí ìwé pé òun ń ran àdúgbò lọ́wọ́, irọ́ ló ń pa. Ẹ fi iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa síwájú nínú ìwé oúnjẹ, kì í ṣe ìsàlẹ̀ lẹ́yìn àwọn bọ́gà.

Òróró tí ẹ ti fi dín nǹkan, ẹ má dà á sójú gọ́tà. Ó ń dì, ó ń dí páìpù, òjò kan sì máa gbé e lọ sí odò Alà. Ẹ ṣe àpótí tó ń dá ọ̀rá dúró sábẹ́ ibi ìfọwọ́, kí ẹ kó o nígbà tí ọ̀rá àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Bí ẹ bá dúró kó kún tán, kò dá nǹkan kan dúró mọ́.

Pàǹtírí: ẹ fi ìwọ̀n tí a fi ń kọ́ ẹran wọ̀n ọ́n lálaalẹ́, àpò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: oúnjẹ, ike àti agolo, ìyókù. Oúnjẹ àjẹkù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ike fún àwọn tó ń rà á. Ẹ má sun ọ̀rá lẹ́yìnkùlé, olùyẹ̀wò máa rí eérú rẹ̀. Àpò omi inú ọ̀rá ló pọ̀ jù. Ẹ fi ìgò ńlá lítà 19 sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí àlejò máa pọn ún sínú ìgò tirẹ̀, pàápàá àwọn tó ń gun òkè.

Ọmọ_Ìdànrè

Àwọn tó ń gun òkè! Ó ju àtẹ̀gùn 660 lọ, ẹ sọ fún àlejò kí wọ́n tó kúrò ní Àkúrẹ́. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè wo òkè láti ìsàlẹ̀. Agogo méje àárọ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn má bá wọn lórí àpáta.

Láti ọdún 2007 ni òkè náà ti wà lórí àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé. Kò tíì di ibi àjogúnbá àgbáyé. Ilé ìtura púpọ̀ ló ń kọ ọ́ sójú ìwé wọn bíi pé ó ti rí bẹ́ẹ̀, irọ́ sì ni níwájú olùyẹ̀wò.

Ẹ gba afinimọ̀nà tó jẹ́ ọmọ Ìdànrè, kì í ṣe ẹni tó bá yín wá láti Àkúrẹ́. Ẹ kọ owó rẹ̀ sílẹ̀ kedere fún àlejò, kí ó gba gbogbo rẹ̀. Ààfin Ọ̀wá àtijọ́ lórí òkè kì í ṣe ibi tí a ti ń ṣa nǹkan lọ sílé. Ibi tí wọ́n bá ní kí àjèjì má wọ̀, kí wọ́n má wọ̀ ọ́; ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n tọrọ àyè. Ẹ má ní kí àwọn èèyàn wá ṣe ọdún Orósùn ní ọgbà yín nítorí àlejò. Bí ọdún bá bọ́ sí ìgbà tí àlejò wà, kí wọ́n lọ wò ó níbi tó wà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn àgbà.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀

Mo fara mọ́ ọn. Kí n fi kan kún un: ère àtijọ́, amọ̀ tàbí eyín erin, ẹ má gbé e sí ìloro fún ọ̀ṣọ́, ẹ má sì tà á fún àlejò. Ọ̀wọ̀ ni Ekpo Eyo ti wú àwọn ère amọ̀ jáde ní Igbó 'Lájà lọ́dún 1971. Nítorí ìyẹn ni àwọn oníṣòwò ohun àtijọ́ ṣe ń wá a kiri. Bí ẹ bá fẹ́ ère, ẹ ra tuntun lọ́wọ́ agbẹ́gilére tó wà láàyè, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Oníná_Alágbàká

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà: ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Ẹ fi yàrá kan sí ilẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ máa gbà dípò àtẹ̀gùn, máa gùn ní ìlọ́po 12 gíga rẹ̀: bí àtẹ̀gùn bá ga sẹ̀ńtímítà 15, ìsọ̀kalẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ńtímítà 180. Èyí tí mo máa ń rí jẹ́ ìdajì ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ gùn ún. Ilẹ̀kùn yàrá yẹn, ẹ jẹ́ kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 90.

Onílé_Àlejò_Àkúrẹ́

Ẹ kú àánú mi. A ti ń kọ nǹkan sínú rẹ́jísítà láti òwúrọ̀ yìí, a sì ti dáwọ́ ìtanràn dúró. Ẹ̀gbọ́n Púlọ́ńbà, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ táǹkì yẹn.

Púlọ́ńbà_Ọba_Ilé

Ó dáa. Ẹ ti omi tó ń wọlé pa, ẹ tú táǹkì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi omi ṣàn án. Ẹ bu omi mímọ́ sí i dé ìdá kan nínú mẹ́rin. Fún lítà 1,000 tí táǹkì lè gbà, gíráàmù 80 kúlórínì oníyẹ̀ẹ̀fun tí wọ́n ń fi sínú pọ́ọ̀lù, ẹ pò ó pọ̀ mọ́ omi nínú báàkẹ́tì ná, kí ẹ tó dà á sí i. Bí ó bá jẹ́ bílíìsì olómi tó jẹ́ ìdá 3.5 nínú 100 ni ẹ ní, ẹ ó lò tó lítà 1.4 fún lítà 1,000. Ẹ wá bu omi kún táǹkì, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ ti fáàbù tó ń lọ sí yàrá pa, kí ẹnikẹ́ni má mu ú. Lẹ́yìn náà ẹ tú u dà nù, kì í ṣe sínú sókàwéè, torí ó ń pa kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀gbin níbẹ̀. Ẹ bu omi tuntun, ẹ fi bébà àyẹ̀wò wò ó: kí kúlórínì tó kù má ju mílígíráàmù 0.5 lọ nínú lítà kan. Màmá, bí ẹ bá ṣe é báyìí, ẹ̀kọ kò ní rùn.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹni tó bá máa wọ inú táǹkì má dá wà. Bílíìsì àti oògùn ìfọ-ṣálángá, ẹ má dà wọ́n pọ̀ láéláé. Gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni kí ẹ máa fọ táǹkì, ẹ sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sí ara táǹkì pẹ̀lú ọ̀dà, àti sínú rẹ́jísítà.